Ọmọ Tí Ara Rẹ̀ Dá Ṣáṣá Ní Ilé Ìwòsàn

Ní Okokomáíkò tí mo ti tọ́mọ, kálukú ló ní ohun tó fi ń ṣe fáàrí. Ẹnì kan kọ́lé sí Ìbà, kò tíì kùn ún lọ́dà, ó ti gbé àga síwájú rẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí òun níbi tí òun jókòó sí. Ẹlòmíràn ní àbúrò ní Lọ́ńdọ̀n, fọ́tò àbúrò náà nínú kóòtù òtútù ni àlejò máa kọ́kọ́ kí kó tó kí onílé. Ní tèmi, ohun tí mo fi ń ṣe fáàrí ni pé àwọn dókítà gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi nítorí pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ará àdúgbò náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbọ́ ìdí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá ń bi mí bóyá dókítà ṣì ń gba ọmọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Ike ni mo ń tà ní Ìyànà Ìbà: bọ́kẹ́ẹ̀tì, báàfù, agbọ̀n, kẹ́ẹ̀gì omi, àti póò ọmọdé ní oríṣiríṣi àwọ̀. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Nígbà tí mo ti lè ka orúkọ ara mi, mo ní ó tó bẹ́ẹ̀, mo bọ́ sọ́jà, ẹnu ni mo fi parí ẹ̀kọ́ mi. Tí ẹnikẹ́ni bá fi ìka ta báàfù mi pé kò nípọn, mo máa ń sọ fún un pé kó lọ ra ti irin, kó máa gbé e kiri bí ẹlẹ́wọ̀n. Ọkọ mi ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Alábà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Tí a bá bi í ní ọ̀rọ̀, tẹlifíṣọ̀n tó ń tún ṣe á ti sọ̀rọ̀ kó tó dá wa lóhùn.

A ti bí ọmọ kan ṣáájú, ọkùnrin. Ibà ló mú un. Ibà mú ọmọ àwọn tó wà ní yàrá kejì sí tiwa náà lọ́sẹ̀ kan náà, oògùn kan náà la sì rà fún àwọn méjèèjì. Ọmọ tiwọn dìde, ó ń lé adìyẹ kiri. Tiwa, gìrì gbé e, ẹ̀jẹ̀ sì ti tán lára rẹ̀ kí a tó dé ilé ìwòsàn. N ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé láti ìgbà náà ni ìyá ọkọ mi ti ń wò mí bí ẹni tí kò mọ ọmọ tọ́. Wọn ò bá mi sọ ọ́ ní tààrà. Ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n máa ń bá sọ ọ́, tí èmi á sì wà lẹ́yìn wọn: "Ẹni tó ń pariwo bọ́kẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀ dalẹ́, ìgbà wo ló máa gbọ́ ikọ́ ọmọ?"

Nígbà tí ọmọ wa kejì, obìnrin, pé nǹkan bí ọdún kan àtààbọ̀, ìyá ọkọ mi wá láti Ìlaró. Wọ́n ní ẹ̀yìn ń dun àwọn, àwọn fẹ́ kí dókítà Èkó wò ó. Ẹ̀yìn wọn ò dùn wọ́n mọ́ nígbà tí wọ́n máa fi dé ilé wa. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé ọmọ mi ni wọ́n wá gbé. Wọ́n ní ilé ṣófo, ewúrẹ́ nìkan làwọn ń bá sọ̀rọ̀, atẹ́gùn Ìlaró sì dára ju ti Okoko lọ, níbi tí èèyàn ti ń fo gọ́tà kó tó wọlé ara rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ọkọ mi ń wo ilẹ̀ bí ẹni pé skúrù kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn nígbà tí dókítà kan wá ra ike lọ́wọ́ mi. Obìnrin ni, ọmọ Èkìtì, kò dàgbà jù mí lọ, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn gan-an. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba yàrá kan ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí wa, wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí àìsàn ọmọdé. Báàfù olómorí ló fẹ́, tí wọ́n á máa to ìgò kéékèèké sí. Ọmọ mi jókòó sórí póò kan tí mo fẹ́ tà, ó ń fi ṣíbí lu èkejì, ó sì ń kọrin tí kò yé ẹnikẹ́ni.

Dókítà dẹ́kun nájà. "Ìyá oníke, ọmọ yín nìyí?"

"Tí kì í bá ṣe tèmi, ṣé màá jẹ́ kó jókòó sórí ọjà mi?"

"Ìgbà wo ló ṣàìsàn kẹ́yìn?"

Inú bí mi. "Dókítà, ike lẹ wá rà. Ọmọ mi ò ṣàìsàn."

"Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyẹn. Ọmọ tí ò ṣàìsàn ni mò ń wá."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo ní, "Ṣé àwọn aláìsàn ti tán ní Èkó ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan dé, ó jókòó lé e, ó wá là á yé mi. Ó ní ibà á mú ọmọ méjì nínú ilé kan, ọ̀kan á dìde, ara èkejì á máa funfun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa gbẹ. Àwọn rò pé àmì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó lè tètè sọ èyí tí tirẹ̀ máa le, kó tó le rárá. Àmì yẹn làwọn ń wá. Ọmọ aláìsàn kò wọ́n àwọn, wọ́n kún yàrá. Ṣùgbọ́n àwọn ò lè mọ ohun tó yí padà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn àfi táwọn bá rí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí ọjọ́ orí wọn jọra, tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò kan náà. Àwọn ìyá kò sì fẹ́ mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá. Wọ́n ní ta ló ń gbé ọmọ tí kò ṣe nǹkan kan lọ síbi abẹ́rẹ́.

Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ méjì nínú ilé kan náà ti bà mí níbi tó ń dùn mí. N ò jẹ́ kó hàn. Mo gbé báàfù kan sókè. Mo ní, "Tí oníbàárà bá gbé báàfù padà wá pé ó ti lọ́, tuntun ni mo máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ la máa rí ibi tó ti lọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

"Ọmọ mi ló máa wá jẹ́ báàfù tuntun?"

"Òun àti àwọn ọmọ mìíràn."

Mo ní, "Ẹ fi àwọn ọmọ mìíràn sílẹ̀ ná."

Ó kìlọ̀ fún mi kó tó lọ pé ẹnikẹ́ni ò fi dandan mú mi, pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ báyìí ni, àti pé kí n bá bàbá ọmọ sọ ọ́. Bàbá ọmọ kì í ṣe ìṣòro. Ìyá bàbá ọmọ ni.

"Ìwọ ìyàwó yìí, ṣé orí ẹ pé?" Bí ìyá ọkọ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Ọmọ tó ń jẹun, tó ń sáré, o fẹ́ lọ fi ilé wa han àìsàn?"

"Màmá, wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọn ti àwọn ọmọ tó kù ni."

"Wọ́n fẹ́ fi wọn kí ni? Ṣé gààrí ni?"

"Wọ́n ní ara rẹ̀ dá ṣáṣá, wọ́n fẹ́ fi mọ èyí tí ara rẹ̀ ò dá."

Mo rí i tí nǹkan tàn lójú wọn, mo sì mọ̀ pé mo ti wọ gàù. Wọ́n ní, "Ó dáa. Gbé e lọ. Àmọ́ tí wọ́n bá rí ohunkóhun nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí, bó ti wù kó kéré tó, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ ń lọ sí Ìlaró. N ò ní í fẹ́ gbọ́ ẹkún ẹnikẹ́ni." Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. Ọkọ mi, tí kì í tètè dáhùn, ti mi orí kí n tó la ẹnu.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tajà rí, ẹ mọ̀ pé èèyàn kì í fi ọjà eléruku síwájú oníbàárà pàtàkì. A máa nù ún, a máa fi omi ọṣẹ ṣan án. Bí mo ṣe mú ọ̀rọ̀ ọmọ mi náà nìyẹn, kì í sì í ṣe èmi nìkan. Obìnrin Íbò tó ń ta pánlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gba ọ̀rọ̀ náà kanrí. "Ìyá oníke, àbẹ́gì, wọn ò gbọdọ̀ rí ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́lẹ́ lára ọmọ láìnì ọjà wa o. Ojú á tì wá." Ó ń fún ewé úgù láràárọ̀, omi rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀, ọmọ á mu ún, á fi ojú burúkú wò wá. Ẹlẹ́ran kan láti Alábà Rágò ń kó ẹ̀dọ̀ wá. Kẹ́míìsì tó wà níwájú wa gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ jáde, ó ní kí n má wulẹ̀ sọ̀rọ̀ owó. Èmi fúnra mi ń po mọ́ọ̀tì pọ̀ mọ́ mílíìkì, torí ta ni kò mọ̀ ní Èkó pé ohun tí í dá ẹ̀jẹ̀ padà sára nìyẹn? Ọmọ náà ń sanra, ó ń dán. Àwọn èrò bọ́ọ̀sì ń wò ó. Mo ní kí dókítà wá rí nǹkan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, inú ọmọ ṣí.

Ìyá ọkọ mi ló gbé e pọ̀n dé ibẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn rí i. Kí dókítà tó kí wa tán, ọmọ ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó dúdú, ó tún léwé nínú. Ìyá ọkọ mi tú ìró wọn, wọ́n tún un ró bí ẹni tó ti borí nínú ẹjọ́. "Dókítà, ẹ ti rí i. Ọmọ tí wọ́n ní ara rẹ̀ dá nìyí."

Dókítà wo ilẹ̀, ó wo ọmọ, ó wò mí. "Ìyá oníke, kí lẹ fún ọmọ yìí jẹ?"

Mo kà á. Úgù, ẹ̀dọ̀, mọ́ọ̀tì, mílíìkì, oògùn ẹ̀jẹ̀. Bí mo ṣe ń kà á ni nọ́ọ̀sì tó ń nu ilẹ̀ ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. Dókítà fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ Okoko tó ń jẹ ohun tí ọmọ Okoko ń jẹ ni mo ní kí ẹ mú wá. Ẹ wá gbé ọmọ ọba wá fún mi."

"Ẹ ní kí ara rẹ̀ dá ni!"

"Ara rẹ̀ ti dá tẹ́lẹ̀! Mo fẹ́ mọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe rí nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tọ́wọ́ bọ̀ ọ́. N ò lè gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lónìí." Ó yí sí ìyá ọkọ mi. "Màmá, kò ṣàìsàn. Ó yó jù ni." Ó kọ́ mi bí màá ṣe po omi, iyọ̀ àti ṣúgà fún un, ó ní kí n da gbogbo ìgò yẹn nù, kí ọmọ padà sídìí ẹ̀kọ àti ẹ̀wà rẹ̀, ká padà wá nígbà tí oṣù bá yí.

Kí n tó fi omi fọ ọmọ tán nílé, ìyá ọkọ mi ti di ẹrù. Ẹrù tiwọn, ẹrù ọmọ. Mo jókòó sórí ẹrù náà. Wọ́n ní kí n dìde. Mo ní n ò dìde.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ lẹ sọ. Wọn ò tíì gba ẹ̀jẹ̀. Ìgbẹ́ lẹ rí."

"Ìgbẹ́ náà ti sọ̀rọ̀."

"Kò sí ìgbẹ́ nínú ohun tá a jọ sọ. Ọmọ yín wà níbẹ̀. Bàbá ọmọ, kí ni Màmá sọ?"

Ọkọ mi wo ìyá rẹ̀, ó wò mí, ó wo ẹrù tí mo jókòó lé. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sọ." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Mo ti gbọ́ ìwàásù lóríṣiríṣi láyé yìí, n ò tíì gbọ́ èyí tó dùn tó o.

Nájà la fi parí rẹ̀. Wọ́n fẹ́ dúró ọ̀sẹ̀ kan, mo ní kí wọ́n dúró dìgbà tí oṣù bá yí. Wọ́n fà á, mo fà á, wọ́n gbà.

Mo ti ń fi ẹnu ṣe akin lásán. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé kòkòrò ibà lè wà lára ọmọ tó ń sáré kiri, kò sì ní í hàn lójú. Ẹ̀fọn Okoko, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mo ra nẹ́ẹ̀tì, mo fi okùn so ó mọ́ òrùlé. Mo ń gbọ́ ikọ́ kó tó wá. Ọmọ á sín, èmi á fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ìyá ọkọ mi. Àdúrà wọn ni kí wọ́n rí nǹkan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, síbẹ̀ wọn ò lè rí ẹ̀fọn kan kó bà lé e kí wọ́n má pa á. Gbogbo ìgbà la ń gbọ́ pá, pá, lára ògiri. Mo ní, "Màmá, ẹ ò jẹ́ kó jẹ ẹ́ díẹ̀, ṣebí ẹ fẹ́ gbé e lọ." Wọ́n ní, "Pa ẹnu ẹ mọ́. Ọmọ ọmọ mi ni."

Nígbà tí oṣù yí, a padà lọ. Èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà. Obìnrin kan jókòó tì mí, ọmọ rẹ̀ sùn lé e láyà, ooru ara ọmọ náà ń dé ọ̀dọ̀ mi. Ọmọ tèmi ń na ọwọ́ sí i kí wọ́n jọ ṣeré. Obìnrin náà bi mí pé, "Kí ló ṣe tìẹ?"

"Kò sí."

"Kí lẹ wá ṣe?"

Ẹ̀gbẹ́ ojú ọmọ náà funfun bí ti ẹni tí mo mọ̀ rí. Mo ní, "Tìtorí ọmọ tìẹ náà la ṣe wá." Kò yé e. Ó ṣáà ní, "Ẹ ṣé." Kò pẹ́, nọ́ọ̀sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e wọlé, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àti omi sí i lára, mo sì gbọ́ kí a tó kúrò níbẹ̀ pé ó ti béèrè fún oúnjẹ.

Ìgbà tó kàn wá, dókítà gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi. Ọmọ náà kò sunkún ní gbàrà tí abẹ́rẹ́ wọlé. Ó ń wo ẹ̀jẹ̀ tó ń gòkè nínú ike kékeré náà, àfi ìgbà tí wọ́n yọ abẹ́rẹ́ tán ló gbá dókítà létí. Dókítà ní, "Èyí jọ ìyá rẹ̀." Ó ní àwọn máa gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí wọ́n á ti máa wá àmì yẹn, ṣùgbọ́n a lè dúró gbọ́ ti kòkòrò ibà àti ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

A jókòó. Ìyá ọkọ mi gbé ọmọ sẹ́sẹ̀, èmi gbé ọwọ́ sẹ́sẹ̀. Nígbà tí dókítà jáde, ojú ìyá ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ wò, mo rí i pé ẹ̀rù ń ba àwọn náà. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde.

Dókítà ní, "Kò sí kòkòrò ibà lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé dáadáa. Gbogbo ọmọ tí ara wọn dá tá a ti gbà wá síbí, n ò tíì rí èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára tó báyìí. Ìyá oníke, ẹ kú ìtọ́jú."

Ẹ kú ìtọ́jú. Níwájú ìyá ọkọ mi ló ti sọ ọ́. Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ, etí Màmá máa ń dí díẹ̀." Ó tún un sọ, ó tiẹ̀ pariwo sí i.

Ìyá ọkọ mi gbé ọmọ sókè, wọ́n wò ó bí ẹni tí wọn ò rí rí. Wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ wa ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe rí, orí ò fọ́ wọn rí títí wọ́n fi darúgbó." Wọ́n wá ká apá aṣọ wọn sókè. "Dókítà, ẹ gba tèmi náà kẹ́ ẹ fi kún un."

"Màmá, ọmọdé la ń gbà."

"Ọmọdé ibo ló ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí? Ọ̀dọ̀ wa ló ti wá!"

Títí a fi délé ni wọ́n ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá kí wa. Obìnrin Íbò tó ń ta pánlá fò sókè, ó ní úgù òun ló ṣe é. Kẹ́míìsì ní oògùn òun ni. N ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo gbé póò tí ọmọ mi máa ń jókòó lé kúrò nínú ọjà, mo ní èyí kì í ṣe títà mọ́.

Dókítà ṣì ń wá ra báàfù lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ìgbà náà. Mo máa ń bi í pé, "Báwo ni àmì yẹn?" Ó máa ń ní iṣẹ́ náà kò tíì tán, àwọn ti ń rí ìyàtọ̀ díẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀dínwó ni mo máa ń ṣe fún un, torí ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ló ń gbé kiri.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ ni ìyá ọkọ mi ní àwọn ń lọ sílé. Wọ́n pọn ọmọ láti ilé dé gáréèjì ní Ìyànà Ìbà, èmi ru ẹrù tẹ̀ lé wọn. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀n ọ́n ni ẹ̀rù ń bà mí, torí mo mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́: tí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ kan wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ọmọ yẹn, ta ló máa fà wọ́n sílẹ̀? Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ìyá kan tó fẹ́ wọkọ̀ pé ọmọ tí àwọn pọ̀n yìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn ńlá, òun ni wọ́n fi ń mọ ara ọmọ tó dá. Kọ̀ǹdọ́tọ̀ ń pè wọ́n. Wọ́n dúró. Wọ́n ní kí n sọ ẹrù kalẹ̀, kí n yí ẹ̀yìn mi padà, kí n tẹ̀.

Mo tẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n tú ọ̀já. Ọmọ bọ́ sí ẹ̀yìn mi, ó wúwo, ó gbóná bí ọmọ tí ń sùn ṣe ń gbóná. Ìyá ọkọ mi fúnra wọn ló so ọ̀já náà fún mi, wọ́n fà á le, wọ́n tún fà á.

Wọ́n ní, "Má jẹ́ kó já bọ́."

Mo ní, "Rárá, Màmá."